Kì í ṣe gbogbo inú rírun ni ọ́lúsà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ewé yìí lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ inú wa ni, inú tí à ń kó oúnjẹ sí láàárọ̀ àti lálẹ́. A fẹ́ bá gbogbo ọmọ Yorùbá tó fi ìlú Minna ṣe ilé sọ ọ́, láti Kpakungu títí dé Bosso, láti Tunga títí dé Chanchaga àti Maikunkele, nítorí a ti rí i pé orúkọ kan ṣoṣo ni à ń fún gbogbo àìsàn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ láti ikùn. Ẹni tí àyà ń ta, ó ní ọ́lúsà ni. Ẹni tí ìhà ọ̀tún ń dùn lẹ́yìn tó jẹ ẹran ọlọ́ràá tán, ọ́lúsà ni. Ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n, tí ara ń yún, tí oúnjẹ kò sì wù ú jẹ, òun náà á ní ọ́lúsà òun ló le tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Inú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta onítọ̀hún lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á kọjá sí kẹ́míìsì tó wà ní ìkóríta àdúgbò, á ní, “Ẹ gbà mí, ọ́lúsà mi ti dé.” Ẹni tó ń ta oògùn kò ní bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Á fún un ní oògùn funfun olómi tí à ń mì kí a tó mu, á ka kóró metronidazole mẹ́rin tàbí mẹ́fà sínú ọ̀rá, á fi amoxicillin díẹ̀ kún un. Bí ìrora náà bá rọlẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ìyókù oògùn náà di ohun tí à ń fi pamọ́ de ọjọ́ mìíràn. Bí kò bá sì rọlẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ eléwé ọmọ, ó di àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Oṣù kan á kọjá, oṣù mẹ́ta á kọjá, ọdún méjì á pé, orúkọ kan náà ni à ń pè é, ìtọ́jú kan náà ni à ń ṣe fún un. Ẹnikẹ́ni kò sì tíì wo inú náà rí láti mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Èrò tiwa ni pé àṣà yìí ń pa wá lára, ó sì ti tó àkókò tó yẹ kí a fi í sílẹ̀. A kò sọ èyí nítorí pé a fẹ́ bá àwọn tó ń ta oògùn jà. Àwọn oníṣègùn tó jókòó ti ìwádìí, tí wọ́n kà, tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á, ni wọ́n jẹ́rìí sí i. Orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà sì wà lára ibi tí ẹ̀rí náà ti wá. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, inú ìwé tí ìyá alátà kò lè rí rà lọ́jà ló sì wà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ọ́ ní èdè abínibí wa.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú. Ẹni tó bá ti dúńbú ewúrẹ́ tàbí tó ti kun adìẹ rí mọ òróòro. Àpò kékeré aláwọ̀ ewé ni, ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀dọ̀. Ìyá tó ń kun adìẹ a máa kìlọ̀ fún ọmọ tó ń wò ó pé kó má bẹ́ ẹ, nítorí bó bá bẹ́, ẹran di kíkorò. Ènìyàn náà ní òróòro tirẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi kíkorò náà, àpò yìí ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí a bá ti jẹ ohun tó ní ọ̀rá, àpò náà á fún pọ̀, omi rẹ̀ á gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan já sínú ìfun láti bá wa yọ́ ọ̀rá náà. Ikùn fúnra rẹ̀ ní omi tirẹ̀, omi kíkan tó lágbára, tó ń bá wa da oúnjẹ. Ibi kan náà ni ikùn, ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, ẹ̀dọ̀, òróòro àti ọ̀pá rẹ̀ ti fara kínra, lábẹ́ egungun ìhà. Ìrora tó bá jáde níbẹ̀ lè wá láti ara èyíkéyìí nínú wọn. Ọkàn pàápàá a máa fi ìrora tirẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀ nígbà mìíràn. Ta ni yóò wá gbé ọwọ́ lé ikùn lásán tí yóò sọ pé ọ́lúsà ni?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ́lúsà náà fúnra rẹ̀, ìyẹn ọgbẹ́ tó ń dá sí ara ikùn tàbí sí ibi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1975, Frank Tovey, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, àti ẹnìkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ Tunstall, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní Gut. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn jọ láti oríṣìíríṣìí orílẹ̀-èdè ní ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì wo ibi tí ọgbẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ti wọ́pọ̀ àti ibi tí kò ti wọ́pọ̀. Ohun tí wọ́n rí nípa Nàìjíríà yẹ fún àwa ará Minna láti gbọ́. Àrùn náà pọ̀ ní gúúsù, níbi tí iṣu àti ẹ̀gẹ́ ti jẹ́ olórí oúnjẹ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn àríwá, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà bàbà àti jéró. Irú ìyàtọ̀ báyìí náà wà ní Íńdíà láàárín àwọn tó ń jẹ ìrẹsì ní gúúsù àti àwọn tó ń jẹ àlìkámà ní àríwá. Tovey wá dá a lábàá pé ó ṣeé ṣe kí ohun kan wà nínú ọkà tí a kò yọ èèpo rẹ̀ kúrò pátápátá, tó ń dáàbò bo ara ikùn.

Ibo ni Minna wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Àárín gan-an ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tó wá láti Èkó àti èyí tó wá láti Bárò pàdé níbí, ni àwọn bàbá wa ti ń bọ̀ ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń tajà, tí wọ́n sì ń fìdí kalẹ̀. Iyán wa kò tí ì kúrò lọ́wọ́ wa, iṣu ilẹ̀ Gbàgyí náà sì wà nítòsí láti fi gún un. Síbẹ̀ àwọn ọmọ wa ti mọ tùwó àti fúrá bí ẹni mọ owó. Inú abọ́ kan ṣoṣo ni oúnjẹ gúúsù àti ti àríwá ti pàdé nílé wa. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ fi ọkà bàbà wo ọgbẹ́ inú sàn o. Àbá ni Tovey dá, kì í ṣe oògùn ló kọ fún wa. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé olùwádìí yìí kò fi orúkọ kan bo gbogbo inú rírun mọ́lẹ̀. Ó béèrè pé, níbo? Lára ta ni? Kí ni onítọ̀hún ń jẹ? Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àwa náà máa béèrè.

Nígbà tó di ọdún 1982, ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, àwọn oníṣègùn méjì, Barry Marshall àti Robin Warren, mú kòkòrò kan hù láti inú ikùn àwọn aláìsàn. Helicobacter pylori ni orúkọ tí wọ́n ń pe kòkòrò náà lónìí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kò sí kòkòrò tó lè gbé inú omi kíkan ikùn. Ní ọdún 1984, Marshall gbé kòkòrò náà mu, ikùn rẹ̀ sì wú, inú ń rú u, ó ń bì. Ní ọdún 2005, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Láti ìgbà yẹn ni ó ti hàn gbangba pé kì í ṣe ata, kì í sì í ṣe àìtètè jẹun, ló ń dá ọgbẹ́ síni nínú. Kòkòrò yìí ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun kejì tó ń fà á ni àwọn oògùn ara ríro bí aspirin àti ibuprofen, tí àwọn òṣìṣẹ́ wa ń dà sẹ́nu láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ sí ibi iṣẹ́ bíríkìlà tàbí oko. Ẹni tó ń lo aspirin lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀yìn ríro, tó tún wá ń lo oògùn ọ́lúsà lálẹ́, ṣe ni ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún dáná, tó ń fi tòsì bu omi pa á.

Èyí tó kàn wá jù lọ tún wá láti Maiduguri. Ní ọdún 1992, Chris Holcombe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí B. A. Omotara, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí etí ọmọ Yorùbá, wà lára wọn, ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí wọ́n kàn yàn láàárín ìlú. Wọ́n rí i pé ó ju 80 lọ nínú 100 tó ti kó kòkòrò náà, àti pé láti kékeré ni wọ́n ti ń kó o. Ẹnu sí ẹnu ló ń ràn, tàbí láti inú ìgbẹ́ àti èébì, tàbí inú omi tí kò mọ́, pàápàá nínú ilé tí èrò pọ̀ sí. Ní ọdún yẹn kan náà, Holcombe kọ àpilẹ̀kọ tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ayé, tó pe ọ̀rọ̀ náà ní àdììtú ilẹ̀ Áfíríkà. Àdììtú náà ni pé, bí ó bá jẹ́ pé kòkòrò yìí ló ń fa ọgbẹ́ inú àti jẹjẹrẹ ikùn, báwo ni ó ṣe kún inú àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, tí àwọn àrùn méjèèjì kò sì pọ̀ níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń fa ọ̀rọ̀ náà bí ìgbà tí à ń fa okùn. Àwọn kan ní oúnjẹ ni, àwọn kan ní àwọn aràn inú wa ló ń dáàbò bò wá. Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí méjì, Agha àti Graham, tún àkọsílẹ̀ gbogbo yẹ̀ wò. Wọ́n wo àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo inú ikùn, ẹ̀rọ tó dà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí iná àti kámẹ́rà wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní kò sí àdììtú kankan. Níbi tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ náà wo àwọn ènìyàn, ọgbẹ́ inú wà níbẹ̀ bó ti wà níbòmíràn. Ibi tí wọ́n kò bá ti rí i, ohun tó fà á ni pé kò sí ẹni tó wò ó.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Ohun tí a kò wò, a kò lè sọ pé kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí a kò wò, a kò lè sọ pé òun ló wà níbẹ̀. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbówó, tó gba oyè, bá lè ṣi gbogbo kọ́ńtínẹ́ǹtì kan kà nítorí àìsí ẹ̀rọ, kí ni kí a sọ nípa ẹni tó dúró lójú ọ̀nà, tó ń fi ẹnu lásán dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ ọ́lúsà? Nínú ẹni mẹ́wàá tí a bá yẹ̀ wò láàárín wa, ó ṣeé ṣe kí a rí kòkòrò náà lára ẹni mẹ́jọ, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní ní ọgbẹ́ kankan láyé wọn. Nítorí náà, àyẹ̀wò tó bá sọ pé kòkòrò wà kò tíì sọ pé òun ló ń fa ìrora náà. Dókítà ló yẹ kó so ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ra.

Ọ̀ràn kejì tún wà tó ń kọ wá lóminú. Ní ọdún 2001, Stella Smith ti ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yaba, pẹ̀lú Oyedeji, Arigbabu, Atimomo àti Coker, gbé ìwádìí jáde lórí kòkòrò tí wọ́n gbà láti inú ikùn àwọn aláìsàn ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú kòkòrò náà kò ka amoxicillin sí mọ́. Ẹ rántí pé amoxicillin ni ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbójú lé láti fi pa á. Báwo ni kòkòrò ṣe ń kọ́ láti borí oògùn? Bí a bá lo ìdajì, tí a pa àwọn tí kò lágbára, tí a wá dá àwọn alágbára sí láti bímọ. Ìtọ́jú tó péye fún kòkòrò yìí jẹ́ oògùn tó ń dín omi kíkan kù, pẹ̀lú oògùn apakòkòrò tí kò dín ní méjì, tí à ń lò pa pọ̀ fún ọjọ́ 14 lọ́pọ̀ ìgbà, láì fo ọjọ́ kan. Kóró mẹ́rin nínú ọ̀rá kì í ṣe ìtọ́jú. Ilé ẹ̀kọ́ ni a ń kọ́ fún kòkòrò náà nínú ikùn wa.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí òróòro, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ ọ́lúsà ti ń tan ọ̀pọ̀ jẹ jù. Omi òróòro lè dì, kó di òkúta, kékeré bí iyanrìn tàbí ńlá bí èso àgbálùmọ̀. Bí òkúta náà bá jókòó jẹ́ẹ́ nínú àpò, onítọ̀hún lè má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dí ẹnu àpò náà, ìrora á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún tàbí ní òkè ikùn, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá, á máa lọ sí ẹ̀yìn tàbí èjìká ọ̀tún. Bó bá yọ́ wọ inú ọ̀pá tí omi náà ń gbà, tó dí i pa, ẹyinjú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú bí omi tíì, ìgbẹ́ á funfun bí ẹfun, ara á sì máa yún. Bí ibà àti òtútù tó ń gbọ̀n ni bá tún wá kún un, kòkòrò ti wọ inú ọ̀pá náà nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti di ti kíákíá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a máa ń fi sílé ní Minna níbí fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí a ń fún un ní oògùn màláríà àti táífọ́ọ̀dù, tí a sì ń bu àgbo ibà pọ́njú fún un mu. Kò sí àgbo tó lè yọ òkúta kúrò lójú ọ̀pá.

Àwọn kan á ní àrùn àwọn òyìnbó tó sanra ni òkúta òróòro. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1979, Olu Akinyanju, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀jẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Èkó, àti F. Ladapo, gbé ìwádìí jáde lórí òkúta àti àrùn òróòro lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS. Ìdí tí àrùn méjèèjì fi jọ ń rìn kò ṣòroó lóye. Ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tí ara rẹ̀ le a máa lò tó 120 ọjọ́ kó tó gbó. Ti ẹni SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ti ń fọ́ kíákíá báyìí, àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ń jáde lára rẹ̀ á pọ̀ jù fún ẹ̀dọ̀, á máa rọ̀ sínú òróòro, á dì, á di òkúta dúdú. Nàìjíríà sì ni wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù lọ ní gbogbo ayé. Ẹ wo iye ọmọ tí inú wọn ń dùn wọ́n, tí àwa òbí ń sọ pé egungun rẹ̀ ló tún gbé e dé, tó sì jẹ́ pé òkúta ni. Síkáànì lásán, èyí tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún, lè fi òkúta inú àpò náà hàn, kò sì ní dùn ún rárá.

A tún gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba àwọn ọmọ ọwọ́. Ojú pípọ́n wọ́pọ̀ lára ọmọ tuntun, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ló sì yẹ kó wò ó. Ṣùgbọ́n bí ojú ọmọ bá ṣì pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì funfun, ó lè jẹ́ pé ọ̀pá òróòro rẹ̀ ni kò là. Gbígbé ọmọ bẹ́ẹ̀ sínú oòrùn kò lè la ọ̀pá náà. Iṣẹ́ abẹ kan wà tí Morio Kasai ti ilẹ̀ Japan kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1959, ṣùgbọ́n ó máa ń dára jù bí wọ́n bá ṣe é kí ọmọ tó pé oṣù méjì. Ẹ̀yin ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ, ẹ bá wa máa wo àwọ̀ ìgbẹ́ inú ìlédìí. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ máa ń rí i.

A mọ ohun tí ọ̀pọ̀ á sọ. Wọ́n á ní owó dà? Wọ́n á ní èèyàn lè fi odindi ọjọ́ kan jókòó sí ilé ìwòsàn láì rí dókítà, nígbà tí kẹ́míìsì kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ẹnu ọ̀nà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, a kò sì ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Ẹni tó ń ra oògùn díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì fún ọdún mẹ́ta, ṣé kò tíì ná ju owó àyẹ̀wò ìgbẹ́ àti síkáànì kan lọ? A kò sì sọ pé kí gbogbo ẹni tí inú bá ń run sáré lọ gbé ẹ̀rọ mì. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ fún kòkòrò náà wà. Kí ẹ sá ti sọ fún dókítà gbogbo oògùn tí ẹ ti lò, nítorí oògùn apakòkòrò tí a lò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tàbí irú oògùn bí omeprazole láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, lè bo kòkòrò náà mọ́lẹ̀ kí àyẹ̀wò sì parọ́. Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ rárá ni ẹni tó ń bì ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ẹni tó ń rù láìnídìí, ẹni tí oúnjẹ ń há sí lọ́fun, ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n, àti àgbàlagbà tí irú inú rírun bẹ́ẹ̀ kò ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ní ti àgbo, a kì í ṣe ọ̀tá ewé àti egbò. Àwọn baba wa fi ṣe ìtọ́jú, a sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n babaláwo gidi pàápàá kì í da oògùn láì kọ́kọ́ dífá. Ó gbọ́dọ̀ wádìí kó tó sọ̀rọ̀. Ìwádìí náà ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ohun tí a fẹ́ nìyí. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá gbogbo ní Minna, àti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláàṣí wa, pe dókítà kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, kó wá bá wa sọ̀rọ̀ inú ní èdè tó yé wa. Owó tí à ń fi ra aṣọ ẹbí fún ìpàdé ọdún, a lè yọ díẹ̀ níbẹ̀ láti fi san owó síkáànì fún àwọn ọmọ SS tó wà láàárín wa. Kí àwọn oníkẹ́míìsì wa, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ wa, má tún ka apakòkòrò fún ẹnikẹ́ni bí ẹni ka ẹ̀pà mọ́. Kí wọ́n bi oníbàárà bóyá ó ń lo oògùn ara ríro, kí wọ́n sì darí ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n sí ilé ìwòsàn láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ìjọba ìpínlẹ̀ Niger, òfin ìbánigbófò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022 sọ pé gbogbo olùgbé Nàìjíríà ló gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Kí àyẹ̀wò ìgbẹ́ àti síkáànì ikùn wà lára ohun tí tálákà lè rí gbà lábẹ́ ètò náà. Kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ikùn wà ní ilé ìwòsàn ìjọba, kí ó máa ṣiṣẹ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò sì wà nídìí rẹ̀ lójoojúmọ́. A ti rí ohun tí àìsí ẹ̀rọ ṣe nínú ọ̀rọ̀ àdììtú ilẹ̀ Áfíríkà. Ìlú tí kò bá ní ẹ̀rọ á máa rò pé òun kò ní àrùn, títí tí òkú á fi máa pọ̀.

Àwọn olùwádìí tí a dárúkọ wọ̀nyí, láti Èkó títí dé Maiduguri, ti ṣe iṣẹ́ tiwọn. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ku èyí tó jẹ́ tiwa. Nígbà mìíràn tí inú bá ń run ọ, ìwọ ọmọ ìyá wa, má ṣe sọ orúkọ rẹ̀ kí o tó mọ̀ ọ́n. Sọ ibi tó ti ń dùn ọ́, sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, sọ ohun tí o jẹ àti oògùn tí o lò, kí o sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò bá ọ wò ó. Ọ̀rọ̀ wa kò ju báyìí lọ. Olódùmarè á fi àlàáfíà sí inú wa o.